Ibi Tí Inú Mi Ti Dùn Gbẹ̀yìn

Kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀sì, èmi Olúdọ̀tun ni mo ń jọba nídìí dráàfù ní gbogbo àdúgbò Challenge. Fíríìjì ni mo ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n dráàfù ni wọ́n fi mọ̀ mí. Bí mo bá gbá ọmọ dráàfù mọ́ orí pátákó lábẹ́ igi furúùtù iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn tó ń ra búrẹ́dì ní Òkè-Àdó á bojú wẹ̀yìn. Mo na ọkùnrin kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan báyìí, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ṣakí. Ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ ló gbé wọn lọ. Mo ní kò burú.

Fíríìjì ló gbé mi dé ìdí ṣẹ́ẹ̀sì. Màmá Kòfowórọlá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kòfó, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí jíjókòó sílé sú wọn, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì sí Ring Road, wọ́n sì gbé fíríìjì omi tútù kan sí ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí fíríìjì náà dákẹ́, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, omi inú rẹ̀ ti gbóná débi pé èèyàn lè fi tẹ ẹ̀bà. Mo dojú bolẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì, mo ń tú nọ́ọ̀tì, ni mo bá rí àwọn èèyàn lórí fàráńdà tí wọ́n jókòó yí pátákó kan ká. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ara wọn, wọn ò gbá nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Mo rò pé òkú ni wọ́n ń ṣọ́. Mo tún fíríìjì náà ṣe tán, mo jókòó tì wọ́n, mi ò sì tíì dìde dòní.

Bí ẹ ò bá mọ ṣẹ́ẹ̀sì, kò le tó bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́nu. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọba kan. Ẹni tí wọ́n bá há ọba rẹ̀ mọ́ tí kò ríbi sá sí, onítọ̀hún ti kú. Ayaba ń rìn bó ṣe wù ú. Rúùkù ń lọ tààrà, bíṣọ́ọ̀bù ń gba igun sí igun, ẹṣin ń fò bí ẹni tí èèrà bù jẹ. Pọ́ọ̀nù ni àwọn kéékèèké tó ń rin ìrìn ẹsẹ̀ níwájú. Ó tán. Èyí tó kù, ìyà ni.

Ohun tó yàtọ̀ ní fàráńdà Màmá Kòfó ni òfin kan tí wọ́n ṣe síbẹ̀: ẹni tó bá kú ni yóò ro ẹjọ́ ikú ara rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ tú pátákó ká kó sá lọ. Òun ni yóò to gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe rí, yóò sì fi ibi tó ti kú han gbogbo ìjókòó. Títí tó fi máa rí i, ẹnikẹ́ni kò ní bá a ta òmíràn.

Òfin yìí dùn mọ́ mi ju ṣẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ lọ, torí ìtàn ni iṣẹ́ ẹnu mi. Bí mo bá ti kú, mo máa dìde dúró. Lọ́jọ́ kan mo ní atẹ́gùn ọkọ̀ ńlá kan tó ń bọ̀ láti Èkó ló gbé ẹṣin mi kúrò ní ààyè rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn mo ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ti wọ ojú ayaba mi, kò ríran mọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí tí àwọn tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì á gbàgbé ìwé wọn sórí ẹ̀rọ. Màmá Kòfó nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á yọ awò ojú wọn, wọ́n á nù ún, wọ́n á ní, "Dọ̀tun, a ti gbọ́ ìtàn. Ibo lo kú sí?"

Mi ò mọ̀. Ìyẹn lòótọ́ ọ̀rọ̀.

Wọn ì bá ti lé mi, àmọ́ èmi ni mo ń tọ́jú fíríìjì. Kódà nígbà tí pọ́ọ̀nù kan sọnù, tí mo fi omi dídì gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀, tí mo gbé e fún Godswill kó fi ta á, tó sì yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó rìn lẹ́ẹ̀mejì, gbígbá fàráńdà nìkan ni wọ́n fi jẹ mí níyà. Mo ṣàlàyé pé ibà ló pa pọ́ọ̀nù náà. Godswill kò rẹ́rìn-ín rárá lọ́jọ́ yẹn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó wò mí, ó sì nà mí pẹ̀lú èyí tó kù.

Godswill yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ni, Apẹtẹ ló ń gbé. Ó ń wọ ọ̀kadà wá sí Ring Road bí kíláàsì bá ti parí. Orí fóònù ló ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, àwọn ará orílẹ̀-èdè tí mi ò lè pe orúkọ wọn ló sì ń bá ta á lóru. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé bí ẹ bá ṣẹ́jú, ẹ ti pàdánù ẹṣin kan. Ọmọ dáadáa ni o, ó máa ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí Màmá Kòfó bí ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bó bá jókòó ti pátákó, kò mọ ẹ̀gbọ́n.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn oníṣẹ́ẹ̀sì kan ní Bódìjà ránṣẹ́ sí wa pé ká wá bá àwọn ta á lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mẹ́rin nínú wa ló máa lọ. Màmá Kòfó ti mú mẹ́ta, àwọn tí kò sí iyàn lórí wọn, Ṣàmsúdéènì tó ń ta bàtà ní Dùgbẹ̀ sì wà lára wọn. Ó ku àga kan, ó sì ku èmi àti Godswill. Màmá ní ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́bọ̀, kí àwa méjèèjì wá ta ẹyọ kan ṣoṣo, ẹni tó bá borí ni kó lọ.

Èmi ti sọ fún màmá mi pé wọ́n ti mú mi.

Mi ò purọ́. Mo kàn sọ ọ́ ṣáájú ni. Màmá mi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Òkè-Àdó, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìròyìn ayọ̀ sun ibi kan. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n wọ sùtánà funfun, wọ́n kó ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú agbọ̀n, wọ́n fà mí lọ́wọ́ síwájú pẹpẹ, wọ́n ní àwọn wá dúpẹ́. Wọ́n sọ fún ìjọ pé ọmọ àwọn máa ṣojú Ring Road. Wòlíì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, ó ní ọmọ wa máa ṣojú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí àdúrà tó parí, mo ti ń ṣojú Nàìjíríà. Wọ́n ta òróró sí ọwọ́ ọ̀tún mi, èyí tí mo fi ń gbé ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní ọwọ́ náà kò ní gbófo. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ akọrin mẹ́rin sọ pé àwọn máa tẹ̀ lé màmá mi dé Bódìjà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn.

Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé, mo ń wo ojú màmá mi. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láìparí, mi ò tíì rí kí wọ́n gbé orí wọn báyẹn níwájú ìjọ. Ìwé ẹ̀rí kankan kò sí tí mo fi lé wọn lọ́wọ́ rí. Bí Godswill bá nà mí lọ́jọ́bọ̀, àwọn ni wọ́n máa dúró ní iwájú pẹpẹ kan náà láti sọ fún àwọn èèyàn pé ìdúpẹ́ náà kò rí ohun tó ń dúpẹ́ lé.

Ọjọ́ Ajé, mo ti wà ní fàráńdà kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì jáde. Godswill dé lọ́sàn-án, mo ní ká ta ẹyọ kan fi dánra wò. Ó nà mí kí omi tí mo rà tó tutù. Mo dìde dúró láti ro ẹjọ́ mi. Mo ti mú ìtàn kan wá láti ilé, alángbá kan wà nínú rẹ̀. Mo lanu, mo sì rí i pé kò ṣe mí bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́. Mo jókòó padà.

"Màmá," mo ní, "mi ò mọ ibi tí mo kú sí. Ẹ bá mi wá a."

Ṣàmsúdéènì tó ti ń múra ẹ̀rín pa ẹnu rẹ̀ dé.

Màmá Kòfó fa àga wọn súnmọ́ mi. Wọn ò fọwọ́ kan pátákó. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ máa wá ibi tó ti dùn mí, torí ibi tó ti máa dun èèyàn, ó ti bàjẹ́ tipẹ́ kó tó débẹ̀.

"Ibi tí inú rẹ ti dùn gbẹ̀yìn," wọ́n ní, "fi ibẹ̀ hàn mí."

Ìyẹn kò le. Inú mi dùn nígbà tí ayaba mi jẹ pọ́ọ̀nù Godswill kan ní igun lọ́hùn-ún. Mo tiẹ̀ gbá a mọ́lẹ̀, gọngọ, kọ́ọ̀pù omi Màmá fò. Mo to pátákó náà padà sí ibẹ̀. Nígbà tí mo wò ó báyìí, tí kò sí ariwo ara mi ní etí mi, mo rí i. Ayaba mi ti lọ jẹun ní igun, ó fi ọba sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹṣin Godswill fò wọlé, ó fojú sùn ọba, ó fojú sùn rúùkù lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sá pẹ̀lú ọba, ó jẹ rúùkù. Àtibẹ̀ lọ, ìsìnkú ni.

Màmá bi mí bóyá mo rántí bí èyí tó ṣáájú ṣe lọ, èyí tí mo ní alùpùpù ló fa ikú mi. Mo rántí. Ẹni tó ti ta dráàfù pẹ́ kì í gbàgbé ojú pátákó. Wọ́n ní kí n to ibi tí inú mi ti dùn gbẹ̀yìn nínú ìyẹn náà. Mo tò ó. Rúùkù mi ló jẹ pọ́ọ̀nù kan, ó fi ìlà ẹ̀yìn sílẹ̀, rúùkù ẹnìkejì wọlé, ọba mi há sẹ́yìn àwọn pọ́ọ̀nù tirẹ̀ bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ tó ju kọ́kọ́rọ́ sóde. Mo to òmíràn. Bíṣọ́ọ̀bù mi jẹ ẹṣin kan. Mo to òmíràn. Ayaba tún ni, ó tún ń jẹ.

Gbogbo ibi tí inú mi ti dùn gbẹ̀yìn, mo ń jẹ nǹkan ni.

Ṣàmsúdéènì ló kọ́kọ́ lóye. Ó ti ta dráàfù rí ní Dùgbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá itan. Ó ní òun mọ àìsàn yìí, òun náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní dráàfù tiwa, bí wọ́n bá gbé ọmọ sí ọ lẹ́nu, dandan ni kí o jẹ ẹ́. Bí o bá ní o ò jẹ, wọ́n á yọ ọmọ rẹ dànù. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni ọwọ́ mi ti ń pa òfin yìí mọ́. Ọwọ́ mi ò bi ojú mi léèrè mọ́. Ó rí oúnjẹ, ó lọ.

"Ọ̀gá mi," Ṣàmsúdéènì ní, "kì í ṣe pé o ò gbọ́n. Ọmọlúàbí ni ọ́. Ohun tí wọ́n bá gbé fún ọ lò ń jẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Godswill rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó ń wo ọwọ́ mi.

Màmá Kòfó ní níbí, kò sí dandan. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé oúnjẹ síwájú mi, mo lè ní mo ti yó. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí n má wá sọ ara mi di ẹni tí kì í jẹun, torí ẹni tí kì í jẹ rárá náà á kú. Bí ẹnìkejì bá gbé nǹkan kan, kí n wo ibi tó ń lọ, kí n wá padà wo ibi tó ti kúrò. Wọ́n to ọ̀nà oríṣiríṣi sórí pátákó fún mi títí ìrọ̀lẹ́, nínú òmíràn kí n jẹ, nínú òmíràn kí n má jẹ, wọn ò sì sọ èwo ni èwo.

Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́bọ̀, àwọn tó rí mi rò pé orí mi ti yí. Mo lọ tún fíríìjì ṣe nílé bàbá ará Èkìtì kan ní Bódìjà, ìyàwó rẹ̀ gbé iyán kalẹ̀ níwájú mi, ẹran rẹ̀ tóbi bí orí màlúù fúnra rẹ̀. Mo jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún mi kó má bàa yára jẹ. Mo wo igun ilé, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo ibi tí obìnrin náà ti gbé abọ́ wá, bóyá rúùkù kan wà níbẹ̀. Obìnrin náà bi mí bóyá ọwọ́ ń dùn mí. Mo ní rárá mà, mo ń kọ́ ọ ni. Lẹ́yìn tí mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mo jẹ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ pé. Oòrùn ti ń rọlẹ̀, àwọn takisí ń lọ jẹ́jẹ́ ní ojú títì, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì dákẹ́ torí kò síná. Màmá Kòfó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n to ọmọ fúnra wọn. Èmi ni mo mú funfun. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó máa pa Godswill lẹ́rìn-ín, mo sì gbé e mì.

A bẹ̀rẹ̀. Godswill kò yára bó ṣe máa ń yára. Kò pẹ́ tó fi gbé pọ́ọ̀nù kan sí ẹnu bíṣọ́ọ̀bù mi, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wò ó yí ká, mo rí ẹṣin tó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo ní mo ti yó. Ó tún gbé òmíràn síwájú ayaba mi. Mo tún ní mo ti yó. Ṣàmsúdéènì mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ ṣí ìwé tó wà lórí káúńtà. Lẹ́yìn náà Godswill fi ẹṣin kan sí ibi tí ó yẹ kí n jẹ lóòótọ́, mo wò ó, mo jẹ ẹ́, òun náà jẹ bíṣọ́ọ̀bù mi, kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè. Báyìí la ṣe ń yọ nǹkan kúrò díẹ̀díẹ̀ títí tí pátákó fi ń dà bí ọjà tó ti ń tú.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe wá rí. Ọba mi wà nílé, pọ́ọ̀nù mẹ́ta dúró níwájú rẹ̀ bí ọgbà. Ọba Godswill náà wà nílé tirẹ̀, pọ́ọ̀nù mẹ́ta níwájú òun náà. Rúùkù mi wà ní ìlà tó kẹ́yìn pátápátá lọ́dọ̀ mi, rúùkù rẹ̀ wà ní ìlà tó kẹ́yìn lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì kọjú síra wọn ní òpópónà kan ṣoṣo. Bíṣọ́ọ̀bù Godswill ló dúró láàárín òpópónà náà tí kò jẹ́ kí wọ́n débi ara wọn. Ayaba rẹ̀ dúró ti rúùkù rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ. Ayaba tèmi wà ní etí pátákó lápá òsì lọ́hùn-ún.

Godswill ronú. Lẹ́yìn náà ló gbé bíṣọ́ọ̀bù yẹn kúrò láàárín òpópónà, ó gbé e lọ sí apá ọ̀tún, sórí ìlà kan náà gẹ́lẹ́ tí ayaba mi wà. Kò sí nǹkankan láàárín wọn. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Odidi bíṣọ́ọ̀bù, bí ìgbà tí wọ́n bó ẹ̀pà sílẹ̀ fún èèyàn.

Ọwọ́ mi ti gbéra. Mo fi ojú ara mi rí i tó gbéra. Òróró ọjọ́ Àìkú ti gbẹ lára rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n mo búra pé mo tún gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan adé ayaba. Inú mi sì dùn. Bí mo ṣe kíyè sí i pé inú mi dùn báyìí ni ẹ̀rù bà mí. Mo fa ọwọ́ náà padà, mo jókòó lé e.

Mo wo ibi tí bíṣọ́ọ̀bù lọ. Bí ayaba mi bá jẹ ẹ́, rúùkù Godswill á sọ̀ kalẹ̀ gba òpópónà tó ti ṣófo yẹn, á jẹ rúùkù mi, ọba mi á sì há sẹ́yìn ọgbà ara rẹ̀. Ikú tí mo ti kú rí ni. Mo dá a mọ̀ lójú bí ẹni pé ó jẹ́ aládùúgbò mi.

Ó dáa, mi ò jẹ. Ṣé kí n sá ni? Mo ti fẹ́ fa rúùkù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àfi bí mo ṣe rántí ìdajì ọ̀rọ̀ Màmá tó kù: wo ibi tó ti kúrò.

Mo wo òpópónà. Òpópónà tó ṣí fún rúùkù tirẹ̀ láti wá bá mi, ó ṣí fún tèmi náà láti lọ bá a. Mo wo ayaba mi. Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni ojú rẹ̀ tó. Láti etí pátákó níbẹ̀, bí ó bá gba igun sí igun, rúùkù Godswill ló ń wò tààrà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ rúùkù yẹn. Bí ayaba mi bá jẹ ẹ́, ayaba tirẹ̀ á jẹ tèmi.

Ibẹ̀ ni dráàfù ti dìde nínú mi, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́. Ní Challenge, a máa ń fún èèyàn ní ọ̀kan jẹ kí a lè kó mẹ́ta, torí a mọ̀ pé dandan ni kó jẹ. Mo wo ọba Godswill lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Kò ríbi lọ. Bí mo bá lu ilẹ̀kùn ọba yẹn pẹ̀lú ayaba mi, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀kì, ohun kan ṣoṣo ló lè ṣe.

Mo kà á, mo tún un kà. Takisí kan dúró, èèyàn méjì sọ̀, ó lọ. Mo gbé ayaba mi láti etí pátákó, mo jẹ rúùkù tí wọ́n ń ṣọ́, mo gbé e kalẹ̀ láìgbá a mọ́lẹ̀.

"Ṣẹ́ẹ̀kì," mo ní. Ohùn mi kéré débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́.

Ọwọ́ Godswill ti wà nínú afẹ́fẹ́, ó ti fẹ́ rin èyí tó ti rò sílẹ̀. Ó dúró. Ó wo ayaba mi, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tó rò pé ẹ̀fẹ̀ mi ti dé. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá ibi tí ọba lè sá sí, kò rí i. Ó wá ohun tó lè fi dí i, kò rí i. Ó ku kó jẹ.

"Dandan ni, àbúrò," Ṣàmsúdéènì rọra sọ lẹ́yìn mi.

Godswill jẹ ayaba mi. Rúùkù mi gòkè gba òpópónà tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, ó jẹ ayaba tirẹ̀, ó sì dúró ní ìlà ilé rẹ̀. Ọba rẹ̀ há sẹ́yìn pọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ó tán.

Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Mo ti ń múra ariwo náà láti ọjọ́ Àìkú, irú èyí tí wọ́n á gbọ́ ní Mọ́kọ́lá, àmọ́ mi ò rí i mọ́ nígbà tí mo wá a nínú ara mi. Godswill na ọwọ́, a bọ ara wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí Màmá tó sọ̀rọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọmọ padà, torí òun ló kú. Ó tò ó dé ibi bíṣọ́ọ̀bù, ó dúró níbẹ̀.

"Ibí ni inú mi ti dùn gbẹ̀yìn," ó ní. "Màmá, ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Dọ̀tun ni mò ń wò. Mi ò wo pátákó."

Màmá Kòfó mi orí. Wọ́n ní ó ti rí i, kò sì sí àlàyé mìíràn tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní kí Godswill náà wá sí Bódìjà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó jókòó ti wa, torí èèyàn lè ṣàìsàn. Wọ́n wá kọjú sí mi. Mo rò pé wọ́n máa yìn mí. Wọ́n ní fíríìjì ti ń dún láti àná, ṣé mi ò gbọ́ ni?

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí mo délé. Màmá mi wà lórí àpótí níwájú ilé, wọ́n ń lọ sùtánà wọn pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú. Mo kí wọn, mo sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá wọn. Mo ní wọ́n ti mú mi.

Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Wọ́n ní, "Ṣebí wọ́n ti mú ọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

Mo ní wọn ò tíì mú mi nígbà yẹn mà. Òní ni wọ́n mú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bó ṣe rí, láìfi iyọ̀ sí i: pé àga kan ló kù fún àwa méjì, pé ọmọ náà gbé nǹkan síwájú mi kí n jẹ, pé mi ò jẹ ẹ́, pé mo jẹ òmíràn. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ìyẹn nìkan?" wọ́n ní.

Mo ní ìyẹn nìkan mà.

Wọ́n padà sí sùtánà wọn, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ apá rẹ̀ kan, wọ́n tẹ ìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa fóònù yọ nínú àpò, wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ akọrin. Mo gbọ́ tí wọ́n ní ẹni tí mo nà ti na àwọn òyìnbó méjìlá lórí fóònù. Mo gbọ́ pé a ti wà lórí ìjókòó láti àárọ̀ láìmu omi. Mo gbọ́ pé nígbà tí mo gbé ayaba kalẹ̀, iná tó ti lọ láti ìjẹta dé gbogbo Ring Road lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n fi ọwọ́ bo fóònù, wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ti gbé e sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo lè fi lé e ti kún ẹnu mi tipẹ́, ìtàn alángbá tí mo gbé lọ láti ọjọ́ Ajé ṣì wà nílẹ̀ láìlò. Mo wo ojú wọn, ó ń dán. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi sábẹ́ itan, mo jókòó lé e.

"Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn ti tó, mà," mo ní.

Wọ́n gbé fóònù padà sí etí, wọ́n ń bá a lọ.